Ẹ̀rọ àfarawé ìwakọ̀: Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń mọ ewu fóònù kí wọ́n tó bọ́ sójú títì

Kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ pé kò dára kéèyàn máa tẹ fóònù lórí ìrìn. Ẹ bi dírẹ́bà dánfó, ẹ bi ọ̀gá tó ń wa jíìpù, ẹ bi ọmọ yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, gbogbo wọn ló máa sọ pé ó léwu. Síbẹ̀, tí fóònù bá ti dún, ọwọ́ ti débẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé ẹlòmíì ni ìkìlọ̀ náà ń bá wí, pé ọwọ́ tòun yá, ojú tòun sì ríran.

Èrò yìí gan-an ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà ń fi ẹ̀rọ kan gbógun tì. Simulator ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹ̀rọ àfarawé ìwakọ̀. Ẹni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ lè forí sọ ọkọ̀ iwájú, ó lè gbá ẹni tó ń sọdá títì, kò sì ní sí ẹni tó máa fara pa. Àlàyé rèé lórí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí ìwádìí ti fi yéni, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti ohun tí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní irú rẹ̀ lè ṣe.

Kí ni ìpínyà ọkàn nídìí ọkọ̀?

Àwọn onímọ̀ nípa ààbò ojú pópó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni ti ojú: kí awakọ̀ gbójú kúrò lójú ọ̀nà, bóyá ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ó ń bojú wẹ̀yìn wo èrò. Èkejì ni ti ọwọ́: kó yọ ọwọ́ lórí sìtíárìn láti mu omi, láti jẹ bọ̀ọ̀lì, tàbí láti wá owó ṣéńjì. Ẹ̀kẹta ni ti ọkàn: ojú wà lójú títì, ọwọ́ wà lórí sìtíárìn, ṣùgbọ́n ọkàn ti lọ síbi ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù tàbí síbi àríyànjiyàn tí òun àti kọ̀ndọ́kítọ̀ jọ ń ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí títẹ àtẹ̀jíṣẹ́ burú jù ni pé ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó gba ojú, ó gba ọwọ́, ó tún gba ọkàn.

Àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, NHTSA, sọ pé kíka àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí fífi í ránṣẹ́ máa ń gba ojú awakọ̀ kúrò lójú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ó lè jọ pé kò tó nǹkan. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, bíi ti òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ń rin nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Tó bá fi máa pé ìṣẹ́jú àáyá 5, ó ti rin mítà 139. Ìyẹn gùn ju pápá ìgbábọ́ọ̀lù lọ, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọ̀hún kò sì wo iwájú. Kódà láàárín ìlú, tí ọkọ̀ bá ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ti rin nǹkan bíi mítà 69 kí ojú tó padà síwájú. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ sọdá kò nílò ààyè tó tó bẹ́ẹ̀ láti kó sẹ́nu ọkọ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó ṣeé ṣe kí awakọ̀ tó ń lo fóònù ní ìjàǹbá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju ẹni tí kò lò ó lọ. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ènìyàn 3,275 ló kú ní ọdún 2023 nínú ìjàǹbá tó níí ṣe pẹ̀lú ìpínyà ọkàn àwọn awakọ̀, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àjọ NHTSA ṣe fi hàn.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe rí?

Ẹ̀rọ àfarawé kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa bàálù ló ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Ní ọdún 1929, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Edwin Link, ṣe ẹ̀rọ tí ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù lè jókòó sí nínú yàrá, tí kò ní gbéra kúrò nílẹ̀ rárá. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ adójútòfò Aetna gbé irú rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama fún kíkọ́ ọkọ̀ wíwà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sídìí sìtíárìn, fíìmù ojú ọ̀nà á máa lọ níwájú wọn.

Ti òde òní wà ní oríṣiríṣi. Èyí tó rọrùn jù ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n so sìtíárìn àti ìtẹ̀sẹ̀ mọ́, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbá géèmù eré ọkọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ní àga bíi ti ọkọ̀, pẹ̀lú ojú amóhùnmáwòrán ńlá mẹ́ta tó yí awakọ̀ ká, kó lè máa rí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ gidi tó dúró sójú kan. Wọ́n á so ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ sìtíárìn, ibi ìtẹná àti bíréèkì, awakọ̀ á wá gbé gílásì ńlá kan tó bo ojú rẹ̀ pátápátá wọ̀. Inú gílásì yìí ló ti máa rí títì. Ibi tó bá yíjú sí, àwòrán á bá a yí.

Oríṣi kẹta yìí ni ilé iṣẹ́ Toyota gbé síta ní oṣù Kìíní ọdún 2015 níbi àfihàn ọkọ̀ ní ìlú Detroit, lábẹ́ ètò TeenDrive365 tó ṣe fún àwọn ọ̀dọ́. Gílásì Oculus Rift ni wọ́n lò. Bí ọ̀dọ́ náà ṣe ń yí sìtíárìn, tó ń tẹná, tó ń tẹ bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ inú àwòrán ń ṣe. Kò pẹ́ tí ìdààmú á fi bẹ̀rẹ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé, rédíò ń dún, àwọn ọ̀rẹ́ inú àwòrán ń pariwo.

Ètò míì tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ dáadáa ni Arrive Alive Tour tí ẹgbẹ́ UNITE ń ṣe. Wọ́n á wa ọkọ̀ wá sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ girama tàbí yunifásítì, wọ́n á pa á síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó bí ìwakọ̀ ṣe ń rí fún ẹni tó mutí tàbí ẹni tó ń tẹ fóònù. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí, wọ́n máa fún un ní ìwé ìtanràn àfiṣeré tí wọ́n to àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ sí.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ

Tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà wọlé dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ọ̀dọ́ wa ọkọ̀ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, kò ní sí fóònù, kò ní sí ariwo. Èyí á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹ̀rọ náà. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n á ní kó dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí kó gbé ìpè.

Ní gbogbo àsìkò yìí, kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ń ka iye àkókò tó kọjá kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ iwájú dúró. Ó ń wo bí ọkọ̀ ṣe ń kúrò lójú ìlà rẹ̀, bó ṣe súnmọ́ ọkọ̀ iwájú tó, àti iye àmì ojú ọ̀nà tí awakọ̀ kò rí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa fi èsì méjèèjì síra, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kọ́ wà. Ọ̀dọ́ tó ti ń sọ pé òun lè tẹ fóònù láìwojú rẹ̀ á rí iye tirẹ̀, kì í ṣe ti ẹlòmíì. Kò sí ẹni tó ń wàásù fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí ẹnì kankan di ẹ̀bi rù.

Ohun tí ìwádìí Utah fi hàn

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ti ìkọ́ni nìkan, àwọn onímọ̀ náà fi ń ṣe ìwádìí tí wọn ò lè ṣe lójú títì gidi. Ọ̀kan lára èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n David Strayer àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Utah, tó jáde ní ọdún 2006.

Ènìyàn 40 ló kópa. Olúkúlùkù wọn wakọ̀ nídìí ẹ̀rọ, ọkọ̀ kan sì wà níwájú wọn tó ń tẹ bíréèkì látìgbàdégbà. Wọ́n wà á láìsí ìdààmú kankan. Wọ́n wà á nígbà tí wọ́n di fóònù mú létí. Wọ́n wà á pẹ̀lú fóònù tí kò gba ọwọ́ rárá. Lọ́jọ́ míì, wọ́n wà á lẹ́yìn tí wọ́n mu ọtí tí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ dé 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí òfin ìwakọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń mú ọ̀mùtí.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹsẹ̀ wọn kò tètè dé orí bíréèkì. Àwọn mẹ́ta kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú, orí fóònù sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó kọlù ú nígbà tó mutí. Èyí kò sọ pé ọtí dára o, torí ìwádìí yìí kan náà fi hàn pé ẹni tó mutí ń súnmọ́ ọkọ̀ iwájú jù, ó sì ń já bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó ń bẹ̀rù àtiwakọ̀ lẹ́yìn ìgò bíà mélòó kan kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo fóònù.

Ohun kejì tí ìwádìí náà fi yéni ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín ẹni tó di fóònù mú àti ẹni tó lo èyí tí kò gba ọwọ́. Àwọn onímọ̀ Utah yìí kan náà ti ṣàwárí ṣáájú, ní ọdún 2003, pé awakọ̀ tó wà lórí fóònù lè fi ojú méjèèjì wo nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà, síbẹ̀ kó má rántí pé òun rí i. Ojú ń wò, ọkàn ò sí nílé. Nítorí náà, fífi okùn sétí tàbí gbígbé fóònù sórí dáṣíbọ́ọ̀dù kò yanjú ọ̀rọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ́?

Àjọ WHO sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ló ń kú sójú pópó lágbàáyé lọ́dọọdún, àti pé ìjàǹbá ojú pópó ló ń pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ. Kò sí àìsàn tó ń pa wọ́n tó o.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ ṣì ń ronú lórí jíà àti kílọ́ọ̀ṣì. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀nà jíjìn, bí wọ́n ṣe ń fura pé bọ́ọ̀lù tó yí bọ́ sójú títì lè ní ọmọdé tó ń lé e bọ̀. Bí ọkàn ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún wà lórí WhatsApp, kò sí ohun tó kù fún ọ̀nà. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà tún ti fi hàn pé tí ọ̀dọ́ bá kó àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́kọ̀, ewu ìjàǹbá ń pọ̀ sí i. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ fi dín iye ọ̀dọ́ tí awakọ̀ tuntun lè gbé kù.

Ibi tí agbára ẹ̀rọ náà mọ

Ká má tan ara wa, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. Àwọn mìíràn á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú èébì tàbí òòyì, torí ojú ń rí ìrìn, ara ò sì rìn. Àwọn mìíràn á kà á sí géèmù: wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ọkọ̀ bá forí sọ igi, wọ́n á lọ, ọ̀rọ̀ ti tán.

Èyí tó léwu jù ni kí ọ̀dọ́ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé òun ti mọ bí òun ṣe lè ṣe méjèèjì pọ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ẹ̀kọ́ ọkọ̀ míì. Orílẹ̀-èdè Norway sọ ọ́ di dandan ní ọdún 1979 kí àwọn awakọ̀ tuntun kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lójú ọ̀nà tó ń yọ̀. Nígbà tí wọ́n padà ṣàyẹ̀wò rẹ̀, wọ́n rí i pé ìjàǹbá ojú ọ̀nà tó ń yọ̀ pọ̀ sí i láàárín àwọn ọkùnrin ọ̀dọ́ tó gba ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún ti fún wọn ní ìgboyà ju òye lọ. Àtúpalẹ̀ kan tí Cochrane gbé jáde ní ọdún 2001 lórí ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà nílé ẹ̀kọ́ lápapọ̀ kò sì rí ẹ̀rí pé ó dín ìjàǹbá kù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tètè gba láísẹ́ǹsì.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ ni pé kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ náà kọ́ ọmọ bó ṣe lè tẹ fóònù kó má sì kọlu nǹkan. Ohun tó yẹ kí ọmọ mú kúrò níbẹ̀ ni pé kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó yẹ kí ìjíròrò wà, kí ọmọ náà sì sọ ohun kan pàtó tó máa ṣe yàtọ̀ nígbà míì tó bá jókòó sídìí ọkọ̀.

Kí ni òfin sọ?

Ní Nàìjíríà, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Òfin ìrìnnà ojú pópó sì ka lílo fóònù nídìí ọkọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ₦4,000 ni owó ìtanràn rẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n dá àjọ yìí sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀.

Àwọn òbí tó ní ọmọ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tibẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá di fóònù mú nídìí ọkọ̀ máa san £200, wọ́n á sì fi pọ́ńtì 6 sí láísẹ́ǹsì rẹ̀. Awakọ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì tó yege ìdánwò máa pàdánù láísẹ́ǹsì náà tí pọ́ńtì rẹ̀ bá ti pé 6. Láti oṣù Kẹta ọdún 2022, yíya fọ́tò tàbí gbígbá géèmù lórí fóònù ọwọ́ náà ti wọ abẹ́ òfin yìí. Níbẹ̀ náà, láti ọdún 2002 ni ẹni tó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì ti ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti wo fídíò ojú ọ̀nà, tó ń tẹ bọ́tìnnì bó bá ti fura sí ewu.

Tí kò bá sí ẹ̀rọ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò ní owó ẹ̀rọ àfarawé. Àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà ń fi hàn ṣeé fi hàn pẹ̀lú nǹkan tó wà nílẹ̀.

Ìdánwò rúlà: Ẹnì kan á di orí rúlà 30 sẹ̀ǹtímítà mú lóòró, kí òdo wà nísàlẹ̀. Ẹnìkejì á la àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òdo náà láìfọwọ́ kàn án. Ẹni àkọ́kọ́ á jù ú sílẹ̀ láìkìlọ̀, ẹnìkejì á gbìyànjú láti hán an. Tó bá mú un níbi 20, ó gbà á ní ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kó tó ṣe nǹkan kan. Tí rúlà bá já bọ́ pátápátá, ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ẹni tó fẹ́ hán an ń fi ọwọ́ kejì tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù, tàbí tó ń dáhùn ìṣirò bíi 17 lọ́nà 3. Kí wọ́n fi èsì méjèèjì síra. Kí olùkọ́ wá rán wọn létí pé ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin mítà 2.8 fún gbogbo ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó bá fi pẹ́.

Ìdánwò pápá: Kí wọ́n to ike omi sórí pápá ilé ẹ̀kọ́ ní ìlà méjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fẹsẹ̀ rìn láàárín wọn, kó máa tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Kí ẹlòmíì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kó máa na aṣọ pupa sókè lójijì. Kí wọ́n ka iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò rí aṣọ náà, àti iye ike tó ta nù. Orí pápá nìkan ni kí wọ́n ti ṣe é. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí títì tàbí sórí ọ̀kadà.

Ẹgbẹ́ ààbò ojú pópó tí FRSC dá sílẹ̀ láwọn ilé ẹ̀kọ́, àti àwọn agùnbánirọ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ ààbò ojú pópó ti NYSC, lè ṣe méjèèjì láàárín wákàtí kan.

Ohun tó kù sọ́wọ́ òbí àti èrò

Kò sí ẹ̀rọ tó lè kọ́ ọmọ ju ohun tó ń rí nínú ọkọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ. Ọmọ tó ti ń wo òbí rẹ̀ tó ń gbé fóònù lórí ìrìn láti ìgbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tipẹ́.

Kí awakọ̀ pa ìró fóònù kó tó ṣíná ọkọ̀, kó sì fi í síbi tí ọwọ́ kò ti ní tó o. Bó bá jẹ́ pé àwòrán ọ̀nà ló fẹ́ lò, kó tò ó kó tó gbéra. Bí ìpè bá pọn dandan, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí kò léwu, kó dúró, kó tó gbé e.

Èrò náà ní ẹnu. Ọ̀dọ́ tó wọ dánfó tàbí tó gun ọ̀kadà lè sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ọ̀gá dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró kí ẹ tó gbé ìpè yẹn.” Bí ẹni tó pe ara rẹ̀ bá sì gbọ́ pé orí ìrìn ni ẹni tó pè wà, kó sọ pé, “Tí ẹ bá dé, ẹ pè mí,” kó sì gbé fóònù sílẹ̀.